Òrùka Igi: Àjèjì fún Ta Ni?

Kí a tó dé orí òrùka igi fúnra rẹ̀, orúkọ tí a fi ń tà á ni a fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní èdè Faransé, gbólóhùn kan ni ó ń tẹ̀lé e káàkiri: « bois exotique », igi ilẹ̀ àjèjì. A gbà á fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó jókòó sí Lyon. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Adja-Ouèrè bá kọ ọ́ sí ara iṣẹ́ rẹ̀, ta ni igi náà ṣe àjèjì sí?

Ẹ wo igi pupa láti Kamẹrúùnù àti Gàbóọ̀nù tí wọ́n ń pè ní padouk, tí àwọn alárànṣe òrùka fẹ́ràn púpọ̀. Ẹbí osùn ni. Osùn tí a ń lọ̀, tí a fi ń pa ìyàwó àti ìkókó lára, tí a fi ń kun ère ìbejì títí ojú ère yóò fi dán, kò ṣe àjèjì sí ilé kankan láàárín Sakété àti Kétu. Àwọn olùtajà kì í sì í sábà sọ pé pupa padouk kì í pẹ́ nínú oòrùn. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò di àwọ̀ obì gbígbẹ. Ẹni tí ó ra òrùka nítorí pupa nìkan yóò rò pé a rẹ́ òun jẹ. Tíkì ńkọ́, tí ó wà ní oko wa, tí a fi ń ṣe òpó ilé? Láti Éṣíà ni ó ti wá. Òun gan-an ni àlejò, kò sì sí ẹni tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ òrùka ni a gé láti ara pákó, tí a lu ihò sí, tí a sì fá yípo. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n igi ní iṣan, ìlà tí ó gba inú rẹ̀ láti gbòǹgbò lọ sókè. Nínú irú òrùka bẹ́ẹ̀, ibi méjì wà tí iṣan ti gé kúkúrú, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ là nígbà tí ọwọ́ bá kọlu ọmọ odó tàbí ọkọ́. Èyí tí a yìn ni òrùka tí a fi pẹlẹbẹ igi ṣe: a fá a tẹ́ẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣan ti lọ, a fi ooru omi rọ̀ ọ́, a sì fi àtè wé e léraléra, kí iṣan lè yí ìka ká. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gba sùúrù. Irú òye yìí kò ṣàjèjì sí àwọn agbẹ́gilére wa: igi fífúyẹ́ ni wọ́n ń wá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kéde ní 2001, nítorí pé orí ènìyàn ni ère náà yóò jó lé. Igi líle sì ni ti odó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni kosso, ẹbí osùn mìíràn tí ó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn. A gé e gan-an láti fi ṣe àga àti tábìlì ní Ṣáínà, títí tí àdéhùn CITES fi béèrè ìwé àṣẹ fún gbígbé igi náà kọjá ibodè láti oṣù kìn-ín-ní 2017. Ní Panama, ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n fi àwọn ẹ̀yà osùn yòókù ní Áfíríkà, apá àti ọ̀gànwó kún un. Ẹnìkan yóò sọ pé òrùka kò lè pa igbó run. Òótọ́ ni. Àmọ́ èérún pákó tí a fi ṣe òrùka lè ti inú ọkọ̀ kan náà jáde pẹ̀lú ìtì igi tí a gé ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tí kò sì lè sọ ibi tí ó ti rà á kò yẹ ní ẹni tí à ń yìn.

Nítorí náà, òrùka ẹ̀ka ọsàn tí ó kú lóko, tàbí ti èèpo àgbọn líle, tí ẹni tí ó ṣe é mọ ìtàn rẹ̀, wù wá ju dúdú olówó iyebíye tí kò ní orírun. Ìwé péńpé tí a so mọ́ ọn lè gba ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ti Faransé. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ orúkọ igi ní èdè méjèèjì, kí ó sì fi orúkọ oko tí a ti gé e kún un.