Ọwọ́ Tó Ń So Wáyà, Láti Kamina Wá

Kí oníṣẹ́ wáyà tó mọṣẹ́ tó ki ráútà bọ iná, ńṣe ló máa ń kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé. Abẹ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń kọ iye iná tó ń jẹ sí: fóòtì 12, tàbí 9, tàbí 5. Yóò wá gbé ṣájà rẹ̀ wò, bóyá ohun kan náà ni wọ́n kọ sára òun náà. Ẹni tó bá dúró tì í lè rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Òǹkọ̀wé yìí, tó ń fi wáyà síso jẹun, kò kọ́ ìyẹn nínú ìwé. Ní ọ́fíìsì kan, ṣájà méjì wà lórí tábìlì, dúdú ni méjèèjì, ẹnu wọn sì wọ ihò kan náà. Ó mú ti fóòtì 12, ó kì í bọ ẹ̀rọ kékeré tí fóòtì 5 tó. Kò pẹ́ tí òórùn ike jíjó fi gba gbogbo yàrá. Òun ló fowó ara rẹ̀ ra òmíràn dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fi ibi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ láìlẹ ìwé pélébé mọ́ ọrùn ṣájà kọ̀ọ̀kan, tó kọ orúkọ ẹ̀rọ tó ni ín sí.

Iná ṣe pàtàkì ní Kamina pàápàá, níbi tí àwọn ará Jámánì ti kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gba ojú ọ̀run. Ẹ̀bá Atakpamé ní Togo ni ibẹ̀ wà, ní agbègbè tí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana ti ń sọ èdè tó bá Yorùbá tan. Láti ọdún 1911 ni Anton Codelli, ẹnjiníà ará Ljubljana, ti ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa gba ojú ọ̀run láti Togo dé Nauen, lẹ́bàá Berlin, ọ̀nà tó tó kìlómítà 5,000. Òpó irin mẹ́sàn-án ni wọ́n nà ró: mẹ́ta ga ní mítà 75, mẹ́fà ga ní mítà 120. Ẹni tó bá ti gun àkàbà mítà mẹ́wàá rí pẹ̀lú wáyà léjìká yóò mọ ohun tí 120 jẹ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n fọwọ́ gbé irin, tí wọ́n gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n ṣán igbó. Ó dun òǹkọ̀wé yìí pé orúkọ Codelli ló kù nínú ìwé, tiwọn kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òpó lásán kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ ilé iná sí ìdí rẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò irin ńláńlá tí ń sọ omi di ooru síbẹ̀, kí ooru náà lè máa yí tọ́báìnì. Síbẹ̀, ààrá àti mànàmáná ilẹ̀ wa ń dàrú mọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti Nauen. Oníṣẹ́ wáyà òde òní mọ ọ̀tá yẹn dáadáa: bí òjò bá ti ń ṣú, yóò ní kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, kí wọ́n sì yọ wáyà tó ti òde wọlé pẹ̀lú.

Ibi tí iṣẹ́ wáyà síso ti dùn jù ni orí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Oníṣẹ́ yóò bó awọ rẹ̀ níwọ̀nba, yóò tú méjì-méjì tó lọ́ mọ́ra, yóò sì tò wọ́n láti òsì: funfun pẹ̀lú ọsàn, ọsàn, funfun pẹ̀lú ewé, búlúù, funfun pẹ̀lú búlúù, ewé, funfun pẹ̀lú búráùn, búráùn. Yóò fi àtàńpàkò tẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò gé orí wọn dọ́gba, yóò kì wọ́n bọ orí ike. Kó tó tẹ̀ ẹ́ pa, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bàbà mẹ́jọ gbọ́dọ̀ máa dán ní iwájú ike náà. Bí ó bá jẹ́ méje, yóò gé e dànù, yóò tún un ṣe.

Wáyà fáíbà tún yàtọ̀. Dígí tó tín-ín-rín bí irun ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sáré gba inú rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ po, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìka kan ẹnu rẹ̀. Irú dígí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Equiano, wáyà abẹ́ òkun Google tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù kẹta ọdún 2022.

Wáyà abẹ́ òkun ni wọ́n kọ́kọ́ gé nígbà ogun 1914. Nígbà tí Bìrìtìkó gé ti Jámánì, Kamina ló kù láti bá àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso àti ọkọ̀ ojú omi wọn sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ 229 ló gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó àti Faransé wá ń bọ̀ láti Lomé. Ìjà le létí odò Chra ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ 25, àwọn ará Jámánì fúnra wọn wó òpó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ. Ọjọ́ 26 ni wọ́n túúbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, òru kan ni wọ́n fi tú u ká. Kò sí bí oníṣẹ́ wáyà yóò ṣe ka ìtàn yẹn tí inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́.

Lónìí, nínú ilé tí wọ́n bá ti ń so wáyà, àpótí fáíbà ló ń kọ́kọ́ gba iná. Ó di ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá dúró tí kò ṣẹ́jú mọ́ kí wáyà tó kúrò lára rẹ̀ lọ sí ihò tó dá dúró lẹ́yìn ráútà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí ti ìyókù. Bí ẹ bá ṣì í kì bọ ọ̀kan nínú àwọn tó tò tẹ̀lé ara wọn, iná lè tàn níbi gbogbo kí íntánẹ́ẹ̀tì má wọlé.

“Ẹnjiníà, ṣé ó ti wọlé?” ni ìyá onílé máa ń béèrè.

“Ẹ ṣe sùúrù, Màmá.” Iná tó kẹ́yìn ti tàn, fóònù ọmọ rẹ̀ ti ń dún lọ́tùn-ún lósì. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé yìí yóò fa púlọ́ọ̀gì yọ, yóò ka ọgbọ̀n, yóò sì kì í padà, yóò dúró wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ yóò dá jí láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí wọ́n máa mú iná lọ lóru, òun kò sì ní sí nítòsí nígbà tí wọ́n bá dá a padà.