Ọgọ́ta Ẹsẹ̀ Bàtà Àkọ́kọ́

Ọkọ̀ lè lágbára kí ẹni tó ń wà á má mọ ohun tó ń ṣe. Ibi tí èyí ti máa ń hàn sí gbangba jù ni pápá tí wọ́n ti ń fi aago wọn eré ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní drag strip. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ó tọ́ gbọnrangandan, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 1,320 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì. Kò sí kọ́nà níbẹ̀. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á gbéra. Ẹni tó ń wò ó lókèèrè á ní kí ló tún kù níbẹ̀ ju kéèyàn tẹ iná mọ́lẹ̀ lọ.

Ọdún 1950 ni irú pápá bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Santa Ana ní California. Ní 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi òpópó ìlú dán eré wò lè rí ibi tó ní òfin àti ààbò. Títí dòní, ọ̀pọ̀ pápá máa ń ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ọkọ̀ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan wà ní Mechanicsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Wọ́n á yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, wọ́n á wò ó bóyá bátìrì dúró dáadáa, bóyá ọ́ìlì ń jò, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà sára gíláàsì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá lè sá a kó má tó ìṣẹ́jú àáyá 14 gbọ́dọ̀ dé akoto.

Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle ní Nàìjíríà, èyí tí Toyota ṣe láàárín 2007 sí 2011, ló wù mí jù láti wò lójú ìlà yẹn. Oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà rẹ̀ ní agbára ẹṣin 268, agbára yẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ táyà iwájú ló ń fà á, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bí ọkọ̀ bá gbéra lójijì, ìwúwo rẹ̀ á sún sẹ́yìn, imú rẹ̀ á sókè díẹ̀, àwọn táyà tó yẹ kó di ilẹ̀ mú gan-an ló sì máa fúyẹ́. Bí awakọ̀ bá tẹ iná jù, táyà á máa yí lójú kan, èéfín á sọ, àwọn òǹwòran á hó, ọkọ̀ kò sì ní tíì lọ síbì kankan.

Awakọ̀ tó mọṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dórí ìlà. Ó ti kó sípíà táyà, jáàkì àti ìjókòó ọmọdé sílẹ̀. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. Ó ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde nínú táyà iwájú kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó sì ti fi kún ti ẹ̀yìn kó lè yí wẹ́rẹ́. Ó ti pa AC, torí omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀ lè mú kí táyà ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yọ̀. Kí ọkọ̀ tó kan ìlà, omi wà nílẹ̀ fún àwọn tó gbé táyà ìdíje wá, kí wọ́n fi yí táyà títí á fi gbóná. Ẹni tí kò mọ̀ á gba inú omi yẹn kọjá, omi á há sínú ilà táyà rẹ̀, á sì máa ro sílẹ̀ níbi tó yẹ kó gbẹ jù. Ẹni tó mọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́.

Òpó iná ló wà níwájú, wọ́n ń pè é ní igi Kérésìmesì, láti 1963 ni NHRA sì ti ń lò ó. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló dábùú ọ̀nà nílẹ̀. Táyà iwájú ló ń dí wọn, bó bá sì ti dí ọ̀kan, gílóòbù tirẹ̀ á tàn lórí òpó. Ẹ wo bí ọkọ̀ náà ṣe ń rìn bọ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn sórí ẹní. Gílóòbù kìíní tàn. Ó dúró ná. Ó tún yọ́ sún ọkọ̀ síwájú bí ìwọ̀n ìka mélòó kan. Gílóòbù kejì ṣẹ́jú, ó tàn, ọkọ̀ sì dúró pa. Kò ní sún ọkọ̀ ju ibẹ̀ lọ. Aago kì í bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí táyà bá kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ kejì, nítorí náà ẹni tó dúró létí rẹ̀ gẹ́lẹ́ á ti rí àyè díẹ̀ fi gbéra kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i lọ́rùn.

Ẹsẹ̀ òsì wà lórí bíréèkì, ti ọ̀tún ń tẹ iná díẹ̀, kò ju kí ẹ́ńjìnnì kàn hùn lọ. Iná aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta tàn tẹ̀ léra wọn, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tó rí àwọ̀ ewé ti pẹ́. Ìyeyè tó kẹ́yìn ló fi gbéra. Bíréèkì kúrò, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń lọ sílẹ̀ ní kìkì ìwọ̀n tí táyà bá lè gbà. Táyà ké lẹ́ẹ̀kan ṣókí, ó gbá ilẹ̀ mú, ó lọ. Ó gba ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀. Ìyókù, jíà á máa pààrọ̀ ara rẹ̀, awakọ̀ á kàn mú ọkọ̀ tọ́. Ohun tó bá jèrè ní ọgọ́ta yẹn á ti lé sí i kó tó dé òpin. Ohun tó bá sì pàdánù níbẹ̀, kò sí ibi tó ti máa rí i gbà padà.

Ní ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà padà ni wọ́n ti ń fún un ní bébà kékeré kan. Àkókò tó lò dé 60 ẹsẹ̀ bàtà wà níbẹ̀, ti 330, 660, 1,000 àti 1,320, pẹ̀lú eré rẹ̀ ní 66 ẹsẹ̀ bàtà tó kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn bébà yìí gan-an nítorí pé kì í bo ẹnikẹ́ni. Bí eré ìparí bá ga, tí àkókò kò sì dára, ẹ́ńjìnnì ti ṣe tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni awakọ̀ ti bà á jẹ́. Ẹni tó sùn nídìí iná pàápàá, bébà á kọ iye tó fi sùn sọ́tọ̀, torí ìyẹn kò sí lára àkókò ọkọ̀.

Ohun tó ń mú kí irú Camry yìí lè bá ọkọ̀ tó lágbára jù ú lọ du ipò ni ìdíje tí awakọ̀ ti ń kọ àkókò tó rò pé òun á sá sára gíláàsì rẹ̀. Ká ní Camry kọ 14.60, tí Mustang ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ 11.60, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta gbáko ni Camry á fi ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló gbà á, àfi tó bá yára ju ohun tó kọ lọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pàdánù. Kò sí àyè láti parọ́ nípa ọkọ̀ ẹni. Awakọ̀ ní láti mọ ohun tí ooru ọ̀sán mú kúrò lára ẹ́ńjìnnì, àti ohun tí afẹ́fẹ́ tútù alẹ́ máa dá padà fún un, kó tó kọ nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó kọ 14.60, tó sá 14.61, tó tún padà wá ní wákàtí kan lẹ́yìn náà sá 14.62, òun ni mo máa ń dìde pàtẹ́wọ́ fún, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ tó yára jù lálẹ́ ọjọ́ náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.