Ewì Tí Kò Lórúkọ: Àwọn Akéwì Haiku Ìlú Matsuyama

Ìlú Matsuyama, ní erékùṣù Shikoku lórílẹ̀-èdè Jàpáánì, ni wọ́n bí Masaoka Shiki sí lọ́dún 1867. Òun ló sọ haiku, ewì kúkúrú oníró 17, dọ̀tun. Bí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló dá iṣẹ́ náà ṣe. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ ló tọ́ ewì yìí dàgbà, ọgbọ́n tí ẹgbẹ́ náà sì fi ń ṣe ìdájọ́ ewì wà lára ohun tó dára jù tí Matsuyama fún àwọn akéwì.

Lọ́dún 1895, Shiki ti ojú ogun Ṣáínà dé, níbi tó ti lọ kọ ìròyìn, ikọ́ ife sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó wọ̀ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Natsume Soseki, tó ń ṣe olùkọ́ nílùú náà, ó sì lo ọjọ́ 52 níbẹ̀. Shiki wà nísàlẹ̀, Soseki wà lókè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akéwì Shofukai, tí olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ nínú wọn, kò yé rọ́ wá sísàlẹ̀ ilé náà. Ariwo wọn kò jẹ́ kí Soseki ráyè kàwé, lòun náà bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn kéwì.

Kukai ni wọ́n ń pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù á kọ ewì rẹ̀ sórí pélébé ìwé láìkọ orúkọ sí i. Wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á tún un pín. Èyí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, wàá fi ọwọ́ ara rẹ dà á kọ sórí ìwé mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ara ìkọ̀wé dá ẹni tó ni ín mọ̀. Ìwé náà á wá máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, kálukú á yan èyí tó wù ú, wọ́n á sì kà á sókè. Ìgbà náà ni ẹni tó ni ewì tó máa dárúkọ ara rẹ̀. Bí ti ọ̀gá kò bá wu ẹnikẹ́ni, ọ̀gá á dákẹ́. Nínú gbogbo ètò yìí, dída ewì ẹlòmíràn kọ ni mo kà sí jù. Kí èèyàn tó ṣèdájọ́ ewì náà, á ti tẹ̀ lé e ní ìró kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 1897, Yanagihara Kyokudo dá ìwé àtìgbàdégbà Hototogisu sílẹ̀ ní Matsuyama. Nígbà tó di 1898, Takahama Kyoshi, ọmọ ìlú náà, gbé e lọ sí Tokyo. Ìwé náà gbilẹ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀ akéwì gidi jáde. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ Kyoshi nìkan ni yíyan ewì bọ́ sí. Mo gbà pé ojú rẹ̀ mú, àmọ́ ewì tó ń wá ojú rere ẹnìkan kì í pẹ́ tó fi ń jọ tẹni náà.

Matsuyama fúnra rẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Láti 1968 ni wọ́n ti ń gbé àpótí haiku sí káàkiri ìlú, kí ará ìlú àti àlejò lè ju ewì sí i. Èyí tó wú mi lórí jù ni Haiku Koshien, ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé girama, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998. Ọmọ márùn-ún ló ń wà nínú ikọ̀ kan. Bí wọ́n bá ti ka ewì tán, ikọ̀ kejì á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: èé ṣe tó fi jẹ́ òdòdó yìí lo fi sàmì ìgbà òtútù, tí kì í ṣe òmíràn? Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbèjà. Àwọn adájọ́ á na àsíá pupa tàbí funfun sókè. Wọ́n ń fún ewì ní máàkì, wọ́n sì ń fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí ewì náà pẹ̀lú.

Pé ọmọdé ń gba máàkì nítorí pé ó mọ ewì kà dára púpọ̀. Níbo la tún ti ń rí i? Síbẹ̀, ohun kan ń kọ mí lóminú. Gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tó ni ewì, ewì tó rọrùn láti gbèjà sì lè borí èyí tó jinlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣeé ṣàlàyé kíákíá. Ohun tí màá fẹ́ ni kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ fi ọwọ́ da ewì alátakò wọn kọ, kí wọ́n tó lanu béèrè ohunkóhun nípa rẹ̀.