Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ìtàn? Brundibár Lórí Ìtàgé Òde Òní

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ọ́pẹ́rà ọmọdé tó ń jẹ́ Brundibár jáde lóde òní, èyí tí n kò lè fara mọ́ ni ti àwọn olùdarí tó ń wọ aṣọ ẹlẹ́wọ̀n fún àwọn ọmọ. Wọ́n á ran ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí Násì fi sàmì sí àwọn Júù mọ́ wọn láyà, wọ́n á gbé àwòrán ojú irin sẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á sì máa fi ojú ẹni tó ń lọ sọ́nà ikú kọrin wàrà àti ológbò. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù àgbà ni wọ́n ń dì lé ọmọ lórí, eré náà kò sì bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ yẹn.

Hans Krása ló kọ orin rẹ̀, Adolf Hoffmeister kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ Prague sì ni àwọn méjèèjì. Nítorí ìdíje kan ni wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 1938, kí Násì tó gba ìlú náà. Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìyá Pepíček àti Aninka ń ṣàìsàn, dókítà ní kí wọ́n wá wàrà fún un, kò sì sówó. Wọ́n lọ kọrin ní gbàgede ọjà kí àwọn èèyàn lè ta wọ́n lọ́rẹ, àmọ́ Brundibár tó ń yí àpótí orin níbẹ̀ lé wọn dànù. Ológoṣẹ́, ológbò àti ajá bá wọn kó gbogbo ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n kọrin, owó wọlé. Brundibár jí owó náà, wọ́n lé e bá, wọ́n gbà á padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé àwọn ọmọ òrukàn Júù ní Prague ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí Násì kó àwọn ará ilé náà lọ sí Terezín, ìlú olódi tí wọ́n ti sọ di ọgbà ìhámọ́, Rudolf Freudenfeld, ọmọ ọ̀gá ilé náà, ki ìwé orin bọ inú ẹrù rẹ̀. Krása ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ó tún orin náà tò fún ohun èlò tí wọ́n rí: fáyólìn mẹ́rin, fèrè, gìtá àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1943 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Terezín, ìgbà 55 ni wọ́n sì ṣe é lápapọ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá kó àwọn òṣèré kan lọ sí àgọ́ ikú Auschwitz, wọ́n á wá ọmọ mìíràn dí àlàfo, orin á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàgé yẹn dáadáa. František Zelenka, tó ti ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé ní Prague kí ogun tó dé, fi pákó ṣe ọgbà, ó lẹ àwòrán ológbò, ajá àti ológoṣẹ́ mọ́ ọn, ó sì dá ihò síbi orí wọn kí àwọn ọmọ tó ń ṣe ẹranko lè yọjú. Ela Stein tó ṣe ológbò wọ súwẹ́tà dúdú, póólíìṣì bàtà ni wọ́n sì fi fa irun ológbò sí i lójú. Títí ó fi dàgbà ló ń sọ ọ́ pé orí ìtàgé yẹn nìkan ni wọ́n ti lè bọ́ ìràwọ̀ náà kúrò láyà. Ṣé ó wá yẹ kí olùdarí òde òní ran án padà mọ́ ọmọ tó ń ṣe ológbò?

Honza Treichlinger, ọmọ òrukàn láti Plzeň, ló ṣe Brundibár. Ó lẹ irunmú mọ́ ètè, ó sì mọ bó ṣe máa mì ín tìkìtìkì lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, tí ara àwọn ọmọ tó ń wòran á fi balẹ̀. Òun ló wá di ààyò wọn. Ìkà inú eré ni ààyò wọn! Wọ́n mọ ìkà gidi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i. Wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún yà á fún wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí á ní, bí a bá kó ìràwọ̀ àti ojú irin kúrò, kí ló kù tó yàtọ̀ sí eré ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́? Ìbéèrè gidi ni, nítorí Násì pàápàá ti lo Brundibár aláìnítàn rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1944, wọ́n fi í ṣe àwọn aṣojú àjọ Red Cross lálejò ní Terezín. Wọ́n ti kun ilé, wọ́n ti gbin òdòdó, wọ́n sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ sí Auschwitz kí ìlú má baà dà bí èyí tó kún jù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya orin ìparí rẹ̀ sínú fíìmù ìpolongo. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ inú fíìmù náà lọ pa. Auschwitz ni wọ́n pa Krása sí, ibẹ̀ náà ni Treichlinger kú sí.

Àwọn olùdarí kan a máa tan fíìmù yẹn sẹ́yìn àwọn ọmọ tó ń kọrin. Ojú Násì ló wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá sọ ẹni tó ní kí wọ́n yà á àti ohun tó fẹ́ fi bò mọ́lẹ̀, ojú yẹn la tún ń yá lò.

Àgbà ló yẹ kó ru ìtàn yẹn, àwọn kan sì ti rù ú. Ní 1985, Maria Veronika Grüters, ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin kan, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe é ní Freiburg ní Jámánì, láàárín àwọn tí bàbá wọn àgbà lè ti jagun fún Hitler. Ela Stein, tó wá ń jẹ́ Ela Weissberger ní Amẹ́ríkà, rìn káàkiri tọ àwọn tó ń ṣe eré náà lọ. Á fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì bá àwọn ọmọ kọ orin ìparí. Ó kú ní 2018, látìgbà náà ni iṣẹ́ ti wá wúwo sí i lọ́rùn olùdarí.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn ará Terezín fúnra wọn ti là sílẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn òbí àti ilẹ̀ rẹ̀ ni Hoffmeister yìn ní ìparí orin. Akéwì Emil Saudek yí i padà, ó fi ọmọ tó fẹ́ràn òdodo tí kò sì bẹ̀rù rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin ló tún ṣe. Aṣọ ọmọ kọ́. Ọ̀nà yìí náà ni Tony Kushner tọ̀ nínú ìwé àwòrán tí òun àti Maurice Sendak ṣe jáde ní 2003, ọdún tí wọ́n gbé ọ́pẹ́rà náà sórí ìtàgé ní Chicago. Nínú ìwé náà, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti ṣẹ́gun, Brundibár fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé òun ń padà bọ̀. Irunmú tí Sendak yà fún un láti fi mú ni rántí Hitler ni n kò fẹ́, nítorí ó ń jẹ́ ká rò pé ìkà ti bá ẹnì kan lọ sí sàréè. Ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ yẹn ni mo fara mọ́. Ọmọ lè gbọ́ ọ kó má sì yé e tán, kó bi òbí rẹ̀ léèrè lọ́nà ilé pé ibo ni Brundibár lọ, kó sì di dandan fún òbí náà láti fèsì.