Agogo Èèwọ̀: Ìtàn Àtẹ̀lé tí Ṣaworoidẹ Ṣíji Bò

Ìfáàrà
Bí wọ́n bá dárúkọ Túndé Kèlání láàárín àwọn olólùfẹ́ fíìmù Yorùbá, Ṣaworoidẹ (1999) ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. Agogo Èèwọ̀ (2002), tí ó tẹ̀ lé e, kì í rí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ gbà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kan náà ni ó kọ ìtàn méjèèjì, ìlú Jogbo kan náà sì ni ibùdó ìtàn wọn. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé fíìmù kejì ni ó bi ìlú ní ìbéèrè tí ó le jù.

Ọjà Ìdúmọ̀tà àti "Apá Kejì"
Ọjà Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó, níbi tí fíìmù àgbéléwò ti ń kárí ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, wà lára ohun tí ó fa èyí. Àwọn olùtajà a máa gé ìtàn kan sí méjì kí èrè lè di méjì; òǹwòran sì ka apá kejì sí àbùlẹ̀. Agogo Èèwọ̀ kì í ṣe irú rẹ̀. Ṣaworoidẹ ti parí: Lápité, ọba tí ó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, ti kú, Lágàta, sójà tí ó fi ìbọn gba adé, ti kú pẹ̀lú.

Kókó-ọ̀rọ̀
Àwọn ìjòyè tí ó bá wọn jẹ ìlú ni kò kú. Wọ́n fi Adébọ́sípò, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, jọba nítorí wọ́n rò pé yóò ṣeé darí. Ó já wọn kulẹ̀. Ní 1999 ni ìjọba ológun kógbá wọlé ní Nàìjíríà; ní 2000 ni wọ́n dá àjọ ICPC sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà àjẹbánu. Ìbéèrè fíìmù náà ni pé, bí sójà bá lọ tán, ta ni yóò mú olè inú ààfin? Ìṣàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé pípààrọ̀ ọba kì í parí ọ̀rọ̀: ní 1925 ni ìjọba amúnisìn yọ Ọba Èṣùgbàyí, ọba méjì ni ó jẹ kí ó tó padà ní 1931.

Àléébù àti Ìdáláre
Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ pọ̀ ju ìṣe lọ nínú fíìmù yìí, kò sì sí ẹ̀dá-ìtàn tí ó ba ni lẹ́rù bíi Lágàta. Àwọn lámèyítọ́ tún lè sọ pé ìbúra ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí òfin ṣe. Ṣùgbọ́n agogo kì í dédé ró. Ìlú ni ó ní láti gbà kí wọ́n gbé e jáde. Nínú Ṣaworoidẹ, ìlù dá ẹjọ́ ẹni tí ó dé adé. Nínú Agogo Èèwọ̀, ẹjọ́ kan gbogbo ìgbìmọ̀. Inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì wà.

Ìkádìí
Ó yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ máa kọ́ fíìmù méjèèjì pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wo ti àkọ́kọ́ nìkan lè rò pé ikú ọba búburú ni ìwòsàn ìlú.