Ojú Tí Wọ́n Pè Ní Aláìmọ̀ọ́wò: Ọgbọ́n-Ìṣe William Sellers nínú Sinimá Aláìlóhùn

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti yẹ ọgbọ́n-ìṣe William Sellers wò, kí a sì fi lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá díwọ̀n èrò tí ó wà nídìí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni Sellers ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1920. Sinimá ni ó fi ń kọ́ni nípa ìlera. Ó ṣe ọ̀kan ní 1937 lórí ìgbógunti àjàkálẹ̀ àrùn eku ní Èkó. Ní 1939 ni ó di olórí Colonial Film Unit, ẹ̀ka sinimá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, èyí tí ó wà títí di 1955.

Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan máa ń pẹ́ lójú. Ẹ̀rọ kì í yí kiri. A kì í ṣàdédé fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Èrò rẹ̀ ni pé ojú aláwọ̀ dúdú kò lè tẹ̀lé àwòrán tí ń yára yí padà. Bí sinimá tilẹ̀ ti ń fọhùn láti 1927, púpọ̀ nínú tirẹ̀ kò lóhùn. Ògbifọ̀ ni ó ń dúró ti mọ́tò sinimá, tí ó ń fi èdè ìbílẹ̀ sọ ohun tí à ń wò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo agbègbè Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Ìwádìí tí Karin Barber ṣe ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé oríkì kì í tò tẹ̀léra bí ìtàn. Láti orí baba ńlá yóò fò sórí ogun, láti orí ogun sórí ẹ̀fẹ̀, láìṣe àlàyé. Síbẹ̀ orí ẹni tí à ń kì ń wú. Ọkàn tí ó ń tẹ̀lé irú ìfò báyìí kò lè jẹ́ ọkàn tí àwòrán kíákíá yóò dàrú. A lè sọ pé etí kì í ṣe ojú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kíkọ́ ni mímọ àwòrán wò, kì í ṣe àbínibí; òyìnbó pàápàá kọ́ ọ ni.

Ipa Sellers kò kéré. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ẹ̀ka náà dá ẹ̀kọ́ sinimá sílẹ̀ ní Accra fún àwọn ọ̀dọ́ Gold Coast àti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ohun tí ó níyì jù nínú ogún náà kò sí lórí fíìmù rárá. Nítorí pé sinimá náà yadi, ẹnu ògbifọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Fíìmù ṣì wà ní ibi ìkóǹkanpamọ́sí. Ohùn ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, lámèyítọ́ tí ó bá ti orí àwòrán nìkan dá wọn lẹ́jọ́, ìdajì iṣẹ́ ni ó wò.