“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ò Dáa”: Lámèyítọ́ Èdè Ìjábọ̀ Ẹ̀rọ POS ní Ìkẹjà àti Agége

Láti Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Pen Cinema ní Agége, yálà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí nídìí ìsọ̀, gbólóhùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń fi ẹ̀rọ POS gba owó: “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.” Ní ìpínlẹ̀ Èkó ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti kọ́kọ́ dán ètò tí ó fẹ́ kí owó pépà dín kù lọ́wọ́ ará ìlú wò ní 2012. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ yẹ gbólóhùn náà wò bí a ti ń yẹ ìlà ewì wò. Èrò wa ni pé ó ń bo ohun tí ó yẹ kí oníbàárà mọ̀ mọ́lẹ̀, owó oníbàárà ni ó sì ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń bá kọ̀ǹpútà báńkì sọ. Káàdì SIM wà nínú ẹ̀rọ àfọwọ́mú yìí bíi ti fóònù. Bí oníbàárà bá tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ tán, ẹ̀rọ yóò di iṣẹ́ tí ó fẹ́ rán ní ìlànà ISO 8583, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1987. Nọ́ńbà ni ìlànà náà fi ń sọ̀rọ̀: 0200 ni ìbéèrè, 0210 ni èsì. Àmì oní-nọ́ńbà méjì kan máa ń wà nínú èsì náà. 00 ni pé báńkì gbà. 51 ni pé owó kò tó. 55 ni pé nọ́ńbà àṣírí kò tọ̀nà. 91 ni pé a kò rí báńkì tó ni káàdì bá sọ̀rọ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà ni Ìjẹ̀bú fi ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹnì kan. Mẹ́jọ ni èsì, pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. (Ti Ìjẹ̀bú tilẹ̀ dùn jù, nítorí ìró ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.)

Ibi tí ìṣòro wà ni ìgbà tí èsì kò bá dé. Iṣẹ́ lè má kúrò nínú ẹ̀rọ rárá. Ó sì lè dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, kí ó yọ owó, kí èsì wá sọnù lójú ọ̀nà àbọ̀. Lójú ẹ̀rọ, ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni méjèèjì. Nítorí náà ni ẹni tí ó kọ ètò ẹ̀rọ náà ṣe ń dá àkókò fún un: bí àkókò bá pé láìsí èsì, ẹ̀rọ yóò rán 0420, pé kí kọ̀ǹpútà fagi lé iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí a má baà fagi lé ti ẹlòmíràn. Bí ìfagilé náà kò bá lọ, ó yẹ kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀, kí ó sì tún un rán.

Ṣùgbọ́n kí ni oníbàárà ń gbọ́? “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Bí iṣẹ́ kò bá tíì kúrò, àtúnṣe kò léwu. Bí owó kò bá tó, àtúnṣe kò wúlò. Bí ó bá jẹ́ pé èsì ni ó sọnù, ẹ̀ẹ̀mejì ni oníbúrẹ́dì Agége yóò san owó ìyẹ̀fun kan ṣoṣo. Ní 2020, Báńkì Àpapọ̀ dín àkókò tí a ó fi yanjú irú ẹjọ́ POS bẹ́ẹ̀ kù sí wákàtí 72. Ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì lójoojúmọ́.

Àwọn kan yóò ní kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A kò takò wọ́n, ṣùgbọ́n “ìsokọ́ra ò dáa” yóò bo òtítọ́ kan náà. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà fún kíkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, kì í ṣe fún ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a nílò níhìn-ín ti wà lẹ́nu wa nípa iṣẹ́ rírán: “iṣẹ́ kò tíì kúrò nílé”, “iṣẹ́ dé, wọn ò gbà”, “a rán iṣẹ́, a ò rí èsì”. Gbólóhùn kẹta yìí ni ó yẹ kí olùtajà sọ kí ó tó tún káàdì gbà. Gẹ̀ẹ́sì ojú ẹ̀rọ náà kò sàn jù. Òun náà sábà máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. A mọ̀ pé àwọn olùtajà kan máa ń ní kí oníbàárà dúró de álẹ́ẹ̀tì ná, ìyẹn sì dára. Àmọ́ álẹ́ẹ̀tì náà lè pẹ́, àìrí rẹ̀ kò sì fi hàn pé owó kò kúrò. Bí ìwé ẹ̀rí bá jáde, àmì oní-nọ́ńbà méjì náà sábà máa ń wà lórí rẹ̀, òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà.